Ọkàn Ọ̀kẹ́rẹ́ Kì í Dúró

Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́, àkọ́bí mi, ọmọ tí mo bí tí inú mi dùn sí,

O kú iṣẹ́, o kú ìdúró, o kú àìsùn, o kú wàhálà àwọn aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí ẹ ń fọ̀ ní ilé ìtura láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ọlọ́run tó sìn ọ́ jáde nílé kò ní padà lẹ́yìn rẹ. Omi gbígbóná ò ní jó ọ lọ́wọ́, ọ̀gá rẹ ò ní fi ojú burúkú wò ọ́, ibi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ bá ti ń yọ̀ ṣubú, ẹsẹ̀ tìrẹ ò ní yọ̀. Ṣe àmín síta kí o tó kà á síwájú, nítorí àmín inú kì í tètè dé òkè.

Ara wa le. Ìyá rẹ ń kí ọ. Ìrora orúnkún rẹ̀ ti kúrò ní ọ̀tún, ó ti bọ́ sí òsì, a sì dúpẹ́ nítorí ó ní ọ̀tún ti tó gẹ́ẹ́. Òrùlé ìsọ̀ mi ń jò sórí àwọn pákó tí mo tò kalẹ̀, tábìlì tí mo kàn fún àwọn onílé òkè ti wú látàrí omi, mo sì ní kí wọ́n gbé e bẹ́ẹ̀, pé tábìlì tó bá ti mumi yó kì í tètè jóná. Wọn ò tíì gbé e.

Kí n tó sọ ohun tó gbé mi dé ìdí bírò, mo ní ẹjọ́ kan láti bá ọ rò. Ohùn tó o fi ránṣẹ́ sínú fóònù dé. Obìnrin tó ń ta káàdì fóònù ní ìkóríta ló bá mi tẹ̀ ẹ́. Mo gbọ́ tó o kí mi, mo dá ọ lóhùn. Mo gbọ́ tó o béèrè ìyá rẹ, mo ní ó wà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ọ̀rọ̀ orúnkún, àfi bí o ṣe ń bá ọ̀rọ̀ tìrẹ lọ. Mo ní dúró. O ò dúró. Mo ní ṣé bí a ṣe kọ́ ọ nìyí, kí bàbá máa sọ̀rọ̀ kí ọmọ náà máa sọ̀rọ̀? O ò tiẹ̀ mí. Inú bí mi, mo dákẹ́, ìwọ náà sì dákẹ́. Nígbà tí obìnrin náà tún un tẹ̀, o tún bẹ̀rẹ̀ látòkè, o tún kí mi, o tún béèrè ìyá rẹ bí ẹni pé mi ò tíì sọ nǹkan kan. Mo ní kò burú, bí ìlú ńlá ṣe sọ ọ́ dà nìyẹn. Nínú gbogbo rẹ̀, ohun tí mo gbọ́ yékéyéké ni pé kí n mú Ọ̀kẹ́rẹ́ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, lọ́dọ̀ àwọn tó ń yẹ ọkàn wò. Èyí tó o sọ tẹ̀lé e, mo ń bá ọ wí lọ́wọ́, mi ò gbọ́ ọ. Rántí ibẹ̀ yẹn, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti wọ́.

O mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ti dé ojú ẹ̀ nílé ìwé. Tíṣà rẹ̀ ní ọkàn rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Bó bá bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, á fi ìdajì sílẹ̀, á lọ wo ohun tó ń dún lóde. Bó bá ń da ọ̀rọ̀ kọ láti ojú pátákó, á da ìbẹ̀rẹ̀ kọ, á ya ẹyẹ sí ìyókù. Ọ̀gá ilé ìwé wá pè mí, ó ní bí ìwé kò bá wá látọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n, tó sọ ohun tó ń ṣe ọmọ yìí àti bí ó ṣe yẹ kí wọ́n máa kọ́ ọ, òun ò ní gbà á wọlé mọ́ nígbà tí táàmù tuntun bá bẹ̀rẹ̀. Mo ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ó ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ìwé lòun fẹ́. Òun náà ló bá wa gba àyè lọ́dọ̀ àwọn aláyẹ̀wò, ó sì dá ọjọ́ fún wa.

Ìyá rẹ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ọmọ gbọ́n, ó ń jẹun, ó ń sùn, ṣé nítorí pé kò lè jókòó bí òkúta ni wọn yóò fi lọ kọ orúkọ burúkú mọ́ ọn lára, orúkọ tí ọkọ iwájú á gbọ́? A jà sí i. Mo ní farabalẹ̀, obìnrin yìí, ọkàn ni wọ́n fẹ́ wò, kì í ṣe orí. Ọkàn ò ní ìtìjú nínú, ọba náà ń ní àrùn ọkàn. Ìgbà náà ló tó gbà, ó bá ọmọ fọ aṣọ.

Bí a ṣe lọ nìyẹn o. Ilé ìwòsàn náà gùn, ilẹ̀kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ọ̀dà kan náà, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó kàn wọ́n ò ní ojú iṣẹ́, ìdajì wọn ò lè padé dáadáa. Mo béèrè ibi tí wọ́n ti ń yẹ ọkàn wò, wọ́n júwe rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan wà ní ìdí tábìlì, ó ní kí ló ń ṣe ọmọ. Mo sọ ọ́ bí tíṣà ṣe sọ ọ́. Mo ní ọkàn ọmọ yìí kì í dúró. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó ní Bàbá, ọkàn tí kì í dúró la fẹ́. Mo ní rárá, kò yé ọ, ó máa ń lọ ni. Ó ní lọ síbo. Mo ní ìyẹn la ò mọ̀, á ṣáà lọ, nígbà míì láti ìgbà tí wọ́n bá ti wọ kíláàsì títí wọn yóò fi jáde lọ ṣeré, kó tó padà. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ṣé ó máa ń ṣubú. Mo ní kì í ṣubú o, á jókòó, ojú rẹ̀ á là kedere, ṣùgbọ́n kò ní sí níbẹ̀. Ó ní ta ló wá ń dá a padà. Mo ní tíṣà ni, ó máa ń fi ṣọ́ọ̀kì gbá tábìlì, bí kò bá jí, wọ́n á máa pe orúkọ rẹ̀. Bírò bọ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Ó ní látìgbà wo. Mo ní látìgbà tó ti wọ ilé ìwé, àti pé láàárọ̀ yìí nínú ọkọ̀ gan-an, ó lọ, ó bọ̀, mi ò lè kà á.

Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn, kí n tó pa ẹnu dé, nọ́ọ̀sì ti lọgun. Wọ́n ti gbé Ọ̀kẹ́rẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì oníẹsẹ̀ táyà, wọ́n ń tì í sáré gba inú ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi ń sáré tẹ̀lé wọn, bàtà mi kan ti bọ́. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń ní kí wọ́n tún sáré sí i. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù bà mí dé mùdùnmúdùn. Mo ní àṣé báyìí ni nǹkan yìí le tó, tí mo sì jókòó tì í látọjọ́ yìí.

Wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọn láyà, wọ́n so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ kan tó ń fa ìlà. Ìwọ náà mọ̀ pé látìgbà tí mo ti kúrò lọ́wọ́ ọ̀gá mi, ìlà fífà niṣẹ́ mi. Mo wo ìlà tí ẹ̀rọ yìí ń fà, ojú mi ṣú. Ó ń lọ sókè, ó ń já wálẹ̀, ó tún fò, kò gún rárá. Mo ní yéè, ọmọ mi ti wọ́ nínú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà lábẹ́ ahọ́n pé Ọlọ́run, jọ̀ọ́, bá mi na ìlà yìí. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní tirẹ̀ ò dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, ó ń béèrè ohun tí wáyà pupa ń ṣe, kí wọ́n tó fèsì ó ti bọ́ sórí dúdú, níbi tó sì ti ń béèrè ti dúdú ló ti fà á yọ. Ẹ̀rọ náà han píí. Ìlà náà na tààrà. Ó gún bí ìgbà tí mo bá fi rúlà fà á sára pákó. Ọmọ mi, mo kúnlẹ̀! Mo na ọwọ́ méjèèjì sókè, mo ní Ọlọ́run o ṣeun, ó ti gún, ó ti gún! Èmi ń dúpẹ́, àwọn nọ́ọ̀sì ń kọlu ara wọn, ọ̀kan nínú wọn sì ní kí wọ́n mú bàbá burúkú yìí jáde. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ó ń dùn mí pé ibi tí mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ni wọ́n ti pè mí ní bàbá burúkú.

Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dọ́gba. Mi ò gbọ́ ohùn ọmọ mọ́. Èmi tí mo máa ń ní kó dákẹ́ látàárọ̀ dalẹ́, mo wá ń tẹ́tí kó lè pariwo, kó kàn pariwo kan péré. Ohun tí mò ń rò ni bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún ọ, pé o fa ọmọ lé mi lọ́wọ́ kí o lè ríṣẹ́ ṣe, mo sì jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ lọ pátápátá. Omi bọ́ lójú mi. Mi ò fi ṣe ẹ̀fẹ̀.

Dókítà jáde wá, ọkùnrin gíga kan, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó jókòó tì mí. Ó ní ọkàn ọmọ yìí le ju tòun lọ. Ó ní ìlà tó ń lọ sókè sódò yẹn gan-an ni ẹ̀mí, bó bá gún, òpin ti dé. Mo ní kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò sọ ìyẹn fún kafíńtà kó tó wọlé? Ó wá rọra bi mí pé ta ló rán mi wá, kí ni tíṣà sọ gan-an. Mo rò ó fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí, nígbà tó rí ojú mi ó dákẹ́. Ó ní Bàbá, ọkàn tó ń lù ni tiwa níhìn-ín. Ọkàn tí tíṣà ń wí, èyí tí èèyàn fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tó fi ń ronú, ẹlòmíì ló ń wo ìyẹn, nínú ilé kékeré lẹ́yìn ọgbà. Obìnrin kan ni, láti ọ̀nà jíjìn ló sì ń wá, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Ó wo aago, ó ní bóyá la máa bá a.

A sáré. Ọ̀kẹ́rẹ́ ṣáájú mi. Lójú ilẹ̀kùn ibẹ̀ wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan láìfi àmì kankan sí i, mo kà á ní ọ̀pọ̀lọ́. Mo ní kí ni ọ̀pọ̀lọ́ ń wá nílé ìwòsàn? Mo tún un kà, mo rí i pé ọpọlọ ni. Mo rántí ohun tí mo sọ fún ìyá rẹ, pé kì í ṣe orí. Mo rí ojú àwọn ará àdúgbò, mo gbọ́ ohun tí wọn yóò máa sọ bí ọmọ bá ń kọjá. Mo yí padà, ọmọ mi, mi ò ní purọ́ fún ọ. Mo ní kí a máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀? Ọ̀kẹ́rẹ́ ti wọlé.

Obìnrin náà ti ń kó ẹrù rẹ̀ sínú àpò. Ó ní wọ́n ti pe orúkọ wa títí, kò sẹ́ni tó dáhùn, àyè ti kọjá. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sọ ọ̀rọ̀ ọkàn fún un, mo sọ ti ìlà, mo sọ pé bí a bá padà lọ́wọ́ òfo, ilé ìwé ti tán nìyẹn. Kò wò mí mọ́, Ọ̀kẹ́rẹ́ ló ń wò. Ọmọ náà ti rí àwọn igi wẹ́wẹ́ tí wọ́n kùn ní ọ̀dà, ó ń tò wọ́n, ó fi wọ́n sílẹ̀, ó lọ fọwọ́ kan aṣọ fèrèsé, ó padà, ó gbàgbé ohun tó ń tò. Obìnrin náà gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀.

Mo kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè tó wà lọ́kàn mi. Mo ní ṣé wèrè ni? Ó ní kì í ṣe wèrè, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àìgbọ́ràn. Ó ní òun ò tíì lè sọ pé báyìí ni, nítorí àyẹ̀wò kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ìkánjú ṣe, kì í sì í ṣe ìdájọ́. Ó ní ohun tí wọ́n bá rí ni wọ́n á fi mọ bí wọ́n ṣe máa ràn án lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ti ọmọ, ó bi í pé nígbà tí tíṣà bá ń sọ̀rọ̀, kí ni ó máa ń gbọ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní òun ń gbọ́ tíṣà. Ó ní òun tún ń gbọ́ pẹ́ńsù ẹni tó jókòó ti òun, àti ẹyẹ, àti páànù tí oòrùn ń pa tó ń dún, àti ẹni tó ń gbálẹ̀ ní kíláàsì kejì, àti inú òun bí ebi bá ń pa òun. Ó ní gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, òun ò mọ èwo nínú wọn ló ń bá òun wí. Ọmọ mi, èmi tí mo máa ń jágbe mọ́ ọn pé ṣé o ò létí ni! Ó létí. Etí rẹ̀ ló pọ̀ jù. Mo sọ fún obìnrin náà pé eruku kó sí mi lójú, mo jáde díẹ̀.

Nígbà tí mo padà, ó kàn mí. Ó ní ṣé ọmọ máa ń sọ nǹkan nù, mo sọ ti òòlù tó gbé jù sínú kànga, ìyẹn mú mi rántí ẹni tó gbẹ́ kànga náà, tó jẹ mí lówó ilẹ̀kùn kan, mo sọ bí ilẹ̀kùn náà ṣe rí. Ó ní ká padà sórí ọmọ. Mo padà. Ó bi mí nípa oorun, mo bọ́ sórí orúnkún ìyá rẹ, mi ò mọ bí mo ṣe débẹ̀. Ó wò mí, ó wo Ọ̀kẹ́rẹ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òun ti ń rí ibi tí ọmọ ti jogún rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gidigidi. Kò wọ́pọ̀ kí ọ̀mọ̀wé máa yin kafíńtà.

Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ó dé orí àwọn ìbéèrè tí mi ò lè dáhùn. Báwo ni oyún rẹ̀ ṣe rí, ṣé ó ké lójú ẹsẹ̀ nígbà tí o bí i, ìgbà wo ló kọ́kọ́ rìn, kí ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ, báwo ló ṣe ń ṣe nígbà tó wà lọ́dọ̀ rẹ kí o tó mú un wá fún wa. Mo ní èmi ni mo dúró bí ìyá rẹ̀. Ó ní ṣé èmi ni mo lóyún rẹ̀. Mo ní ó ku díẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Ó ní òun fẹ́ rí ìyá, kì í ṣe inú fóònù, ojúkojú, kí òun lè rí ẹ̀yin méjèèjì pọ̀. Ó ní nígbà tí òun bá tún dé lóṣù tó ń bọ̀, kí ìyá wà níbẹ̀, òun á parí àyẹ̀wò, òun á kọ̀wé fún ilé ìwé. Bí ìyá ò bá sí níbẹ̀, kò ní parí, èrò tó ń dúró sì pọ̀, táàmù á ti bẹ̀rẹ̀ kó tó tún kàn wá.

Mo sọ fún un pé ọ̀gá rẹ ti ní ẹni tó bá kúrò nídìí iṣẹ́ báyìí, kó má padà. Ó kọ lẹ́tà sí ọ̀gá náà, mo fi sínú àpòòwé yìí. Mi ò mọ̀ bóyá ọ̀gá rẹ ní ojú àánú. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ yẹn lo fi ń bọ́ wa, mo mọ̀ pé ohun kékeré kọ́ ni mò ń sọ, oorun ò sì kún ojú mi láti ọjọ́ náà.

Nígbà tí a délé, ìyá rẹ ní ṣé ọkàn rẹ̀ dáa. Mo ní ó dáa. Ó ní ìyìn fún Ọlọ́run. Mo wá sọ ìyókù. Ó bu oúnjẹ fún wa, nígbà tí a jẹun tán ló ní ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ, ó sì bi mí pé kí ni obìnrin náà ní ká máa ṣe. Mo ní ó ní ká máa fọwọ́ kan ọmọ léjìká kí a tó bá a sọ̀rọ̀, ká sì máa rán an ní ohun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. A ti ń ṣe é. Lánàá mo fọwọ́ kàn án, mo rán an ní ìṣó. Ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣó ló mú wá.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. O mọ̀ pé lẹ́tà mi kì í lọ láìsí i. Mo fẹ́ páànù tuntun fún òrùlé ìsọ̀, ìyá rẹ fẹ́ oògùn orúnkún, bàtà mi kan ṣì wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. Èyíkéyìí tó o bá rí nínú owó náà, má fi ránṣẹ́. Fi wọkọ̀.

Ọ̀nà á là fún ọ. Ọ̀gá rẹ á ka lẹ́tà náà ní ọjọ́ tí inú rẹ̀ dùn. Ọmọ tó o bí, o ò ní fi ojú sunkún lórí rẹ̀, o máa jókòó jẹ èrè rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ń pe orúkọ rẹ̀, ire ni wọn yóò máa pè é sí.

Èmi ni bàbá rẹ, kafíńtà.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ní òun náà fẹ́ kọ̀wé sí ọ. Mo fọwọ́ kàn án léjìká, mo gbé bírò fún un:

Mọ́mì, nígbà tí ẹ bá dé, màá fi

Ó ti lọ. Nǹkan kan dún lóde, mi ò tiẹ̀ gbọ́ ọ. Dẹ́rẹ́bà tó máa mú lẹ́tà yìí wá ti ń fọn fèrè, kò lè dúró dè é. Wá gbọ́ ìyókù lẹ́nu ọmọ rẹ.